A wo dọ́kúmẹ́ńtárì lórí wúrà àti omi, ọkàn wa kò sì balẹ̀ mọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Alẹ́kúwodò:

Ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, gbogbo ilé wa jókòó wo dọ́kúmẹ́ńtárì kan lórí ìwakùsà wúrà láìgbàṣẹ ní Nàìjíríà. Apá àkọ́kọ́ dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí òjé, irin olóró kan tó wà nínú òkúta wúrà, pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Apá kejì wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n fi àwọn kòtò ńláńlá etí odò hàn wá, wọ́n sì tẹ̀lé omi náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú àwọ̀ ẹrẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́. Odò Ọ̀ṣun tí mo ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò fojú bẹ́ẹ̀ wò ó rí.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọ oníkálukú lára. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kò jẹ ẹja mọ́. Bí mo bá se ẹ̀fọ́ tí mo sì fi panla sí i, yóò ṣa panla náà jọ sí etí abọ́, yóò ti ẹ̀fọ́ tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí wọ́n má baà kan ara wọn, kò sì ní sọ ohunkóhun. Baálé mi ní tiwọn gbaná jẹ. Wọ́n gé ibi tí ìyá kan ti gbé ọmọ tí gìrì mú dání, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n wà lórí WhatsApp, ti àwọn onílé àdúgbò, ti ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́, ti ẹbí. Ní tèmi, ohùn ìyá náà kì í kúrò létí mi bí mo bá fẹ́ sùn.

Èyí tó wá le jù ni ti ìyá ọkọ mi, tí ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọn kò bá wa wo fíìmù náà. Omi Ọ̀ṣun ni wọ́n fi wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, òun náà ni wọ́n fi wẹ àwọn ọmọ tèmi, wọ́n sì ń mu ún títí di òní pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó jinlẹ̀. Ẹnu wo ni n ó fi bá wọn sọ ọ́? Ṣé òótọ́ ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lè ṣẹlẹ̀ sí wa? Báwo ni kí n ṣe ọmọ mi? Kí sì ni kí a fi ìbínú yìí ṣe, nítorí n kò fẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá ti yípo, bí a ṣe gbàgbé àwọn fíìmù tí a ti wò ṣáájú rẹ̀.

Olùkọ́ Ayétòrò:

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ni, mo sì máa ń fi dọ́kúmẹ́ńtárì kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà nípa ìlera àti ọ̀rọ̀ ìlú, nítorí náà ti ọmọ yín ni n ó gbájú mọ́. Ohun tó ń ṣe kì í ṣe àfojúdi, kì í sì í ṣe àṣejù. Ó ti rí ewu, kò sì rí ohun mìíràn tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti fi dènà ewu náà ju oúnjẹ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fipá mú un jẹ ẹja, ẹ ti gba ohun kan ṣoṣo tó dì mú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ròyìn fíìmù náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kódà bó bá ṣì í sọ. Ẹ óò rí i pé ọmọdé máa ń so ohun tí kò tan mọ́ ara wọn pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lójú tirẹ̀, ẹja odò Ọ̀ṣun ni àwọn ọmọ Zamfara jẹ tí wọ́n fi kú, nítorí pé fíìmù náà gbé ọ̀kan tẹ̀lé èkejì ní ìjókòó kan. Ẹ wá máàpù Nàìjíríà, ẹ fi ibi tí Zamfara wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn hàn án, kí ẹ sì fi ìka tọ odò Ọ̀ṣun láti ilẹ̀ Èkìtì tó ti ṣẹ̀ wá, gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, títí tó fi wọ ọ̀sà l'Ékòó. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ti panla fún un. Panla tí à ń rà ní Ọjà Ọba, inú òkun ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti pa á, inú yìnyín ni wọ́n sì fi gbé e wá. Kò gba inú Ọ̀ṣun kọjá rárá. Irú àlàyé báyìí máa ń tu ọmọ lára ju kí a máa sọ fún un pé kó má bẹ̀rù lọ, nítorí pé ọmọ tí à ń sọ fún pé kó má bẹ̀rù ṣì ní ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun mìíràn tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé ẹnì kan pàtó nínú fíìmù ló máa ń gbé ọkàn ọmọdé lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogboogbò tí àwa àgbà ń jíròrò. Mo ti fi dọ́kúmẹ́ńtárì tí BBC gbé jáde ní ọdún 2018 lórí oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì, èròjà tó máa ń di bárakú, nínú han àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Nínú rẹ̀ ni a ti rí àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀ ní ibùdó kan ní Kano. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ewu oògùn líle, àmọ́ ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ló kọ́kọ́ nawọ́, ó ní: "Sà, bọ̀dá tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ti tú wọn sílẹ̀?" Kò sí ọ̀rọ̀ mi kankan tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn, àfi ìgbà tí a jọ wá ohun tó tẹ̀lé fíìmù náà. A rí i pé ní ọjọ́ kejì tó jáde, ìyẹn ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọlé. A tún jọ sọ ọ́ pé òfin náà dí ọ̀nà kan ni, kò wo ẹnikẹ́ni tí oògùn ti di bárakú fún sàn. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò dúró síbi tí fíìmù ti parí, yálà ó dára sí i tàbí kò dára sí i.

Nítorí náà, ẹ wá iṣẹ́ kékeré kan fún ọmọ yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kó kọ ibi tí omi tí ẹ ń mu nílé ti ń wá sílẹ̀, kànga ni o, ẹ̀rọ ni o, omi inú ọ̀rá ni o. Kó béèrè bákan náà ní ilé mẹ́ta sí mẹ́rin tó yí yín ká. Bó bá sì pẹ́ tí kò padà bọ̀ sípò, tí kò sùn dáadáa tàbí tó ń rù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ má sọ pé fíìmù lásán ni.

Nọ́ọ̀sì Ìlera Àwùjọ:

Ẹ kú ìfọkànsìn ọmọ, mà. N ó dáhùn ìbéèrè yín lórí Zamfara, mo sì fẹ́ kí ẹ ní sùúrù kà á, nítorí pé ibi tí ẹ̀rù ń bà wá sí kọ́ ni ewu wà gan-an.

Ohun tó pa àwọn ọmọ Zamfara kì í ṣe omi odò. Òkúta wúrà ibẹ̀ ní òjé púpọ̀ nínú. Àwọn ará abúlé ń gbé òkúta náà wálé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná, tí eruku rẹ̀ fi bo ilẹ̀ àgbàlá tí àwọn ọmọ ń rákòrò lórí rẹ̀. Ọmọ tó ń rákòrò kò ní ṣàì kó ọwọ́ sẹ́nu. Báyìí ni òjé ṣe wọ inú wọn tó sì kọlu ọpọlọ wọn, òun ló sì fa gìrì tí ẹ rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5 ni ikú náà pọ̀ jù láàárín wọn. Oògùn kan wà tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn oníṣègùn MSF, àjọ aláàánú àwọn dókítà láti òkè òkun, sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ olóró kúrò ní àgbàlá kí ọmọ tó padà sílé, nítorí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, inú eruku kan náà ni wọ́n ń dá ọmọ tí wọ́n wò sàn padà sí.

Ti Ọ̀ṣun yàtọ̀ sí èyí. Ẹrẹ̀ tí wọ́n tú láti inú kòtò ló ń pọ́n omi, ojú sì ń rí i. Irin olóró bíi òjé àti mẹ́kúrì kò ṣeé fojú rí. Àwọn tó ń fọ wúrà máa ń lo mẹ́kúrì nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Lẹ́yìn náà wọ́n á yá a níná kí mẹ́kúrì lè bá èéfín lọ, kí wúrà sì ṣẹ́kù. Ẹni tó dúró ti iná náà ló kọ́kọ́ ń fà á símú. Èyí tó bá dà sínú omi máa ń yí padà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò omi á gbé e mì, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, tí yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ara èyí tó bá jẹ èkejì. Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń da mẹ́kúrì sínú omi etíkun, tí wọ́n sì ṣàwárí àìsàn náà ní ọdún 1956. Ẹja tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa jẹ ló kó o wọ inú wọn. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yín kì í ṣe asán. Ẹja ńlá tí wọ́n bá pa nínú odò tó dọ̀tí ló yẹ kí ó ṣọ́ra fún, kì í ṣe panla.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: síse omi ń pa kòkòrò àìsàn, kò lè yọ òjé tàbí mẹ́kúrì. Kódà, bí omi bá ṣe ń fà nínú ìkòkò ni òjé inú èyí tó ṣẹ́kù ń ki sí i. Bí a bá fi álọ́ọ̀mù sí omi, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, omi á mọ́ gaara, àmọ́ omi tó mọ́ lójú kì í ṣe omi tí a ti yẹ̀ wò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, pé kí àwọn ènìyàn má mu omi odò náà tààrà. Mo fara mọ́ ìkìlọ̀ náà pátápátá, àwọn aboyún àti ọmọ ọwọ́ sì ni mo ń wí jù, nítorí pé ọpọlọ ọmọ tó ṣì wà nínú oyún ni mẹ́kúrì ń bà jẹ́ jù. Fífi omi náà wẹ̀ kò léwu tó mímu ún, nítorí pé awọ ara kì í jẹ́ kí irú irin wọ̀nyí wọlé púpọ̀. Ọmọ tuntun tí a ń bu omi sí lẹ́nu nígbà tí a bá ń wẹ̀ ẹ́, tàbí tí a ń fi omi náà rọ lágbo, ìyẹn ni kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Olóòtú Fíìmù Òkè-Fíà:

Iṣẹ́ àwòrán àti títo fíìmù pọ̀ ni mo ń ṣe. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tó rí gbọ́ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ohun tó wọ̀ yín lára ṣe dé ibẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò lè ya òótọ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀, kó sì lò ó.

Ohùn ìyá tí ẹ ń gbọ́ lóru, mà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó to fíìmù náà ti yọ gbogbo ariwo tó yí i ká kúrò, ti ewúrẹ́, ti ọ̀kadà, ti àwọn tó ń rọ̀ ọ́ pé kó dákẹ́, kó lè jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù sí etí yín. Ìlù kan tó rẹlẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán burúkú tó yọ, tí àyà yóò ti já kí ojú tó rí i. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Obìnrin náà sunkún lóòótọ́, ọmọ rẹ̀ ló sì ń sunkún sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n lò fún ẹkún yìí, wọ́n lè lò ó fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ara yín kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ tún fíìmù náà wò ní ọ̀sán gangan, kí ẹ pa ohùn rẹ̀ ní àwọn ibi tó gbé yín lọ́kàn jù, kí ẹ sì ní bébà lọ́wọ́. Ọdún wo ni wọ́n ya àwòrán kọ̀ọ̀kan? Níbo gan-an ni wọ́n ti bu omi tí wọ́n yẹ̀ wò, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé àsìkò òjò ni àbí ẹ̀ẹ̀rùn? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé òjò nìkan tó láti mú kí odò pọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ fi àwọ̀ ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fi àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn ti ọdún tó yàtọ̀ síra hàn wá. Ṣé wọ́n fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti fèsì? Ta ni fíìmù náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀? Bí ẹ bá ṣe èyí tí ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró, ìbínú yín ti rí ìpìlẹ̀ nìyẹn.

Lórí fídíò tí wọ́n gé, ẹ bá mi bẹ baálé yín. Obìnrin náà gbà kí wọ́n ya òun nínú ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Kò gbà kí ìṣẹ́jú tó burú jù láyé rẹ̀ máa kiri láti fóònù dé fóònù láìsí orúkọ ìlú, láìsí ọdún. Ẹni tó bá rí i ní Òṣogbo láìsí àlàyé yóò rò pé ilé ìwòsàn kan níbí ni, kí ẹ tó mọ̀, ìlú ti dàrú lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn wò ó, kó fi fíìmù náà lódindi ránṣẹ́, kó sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbínú fíìmù yìí di ìbínú sí ẹ̀yà kan tàbí sí àlejò. Ẹni tó di ṣọ́bìrì mú ni kámẹ́rà máa ń rí, nítorí pé òun ló wà nínú kòtò. Kì í rí ẹni tó gbowó ilẹ̀, kì í sì í rí ẹni tó ń ra wúrà náà lálẹ́. Oko kòkó bàbá mi wà lẹ́bàá odò kan. Wọ́n wa etí ibẹ̀ títí gbòǹgbò kòkó fi yọ síta, omi kòtò sì ń rọ́ wọ inú ebè nígbà òjò. Àwọn tó wà á kì í ṣe ará ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ló mú wọn wá, tó sì gbowó lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá tún fíìmù náà wò, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn.

Ọmọ Ọlọ́ṣun:

Oore Yèyé o. Inú ilé olórìṣà ni wọ́n bí mi sí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú ọ̀rọ̀ Màmá. Bí ẹ bá lọ sọ fún wọn pé omi Ọ̀ṣun ti di májèlé, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ẹ ń bú ìyá wọn, pàápàá tó bá ti ẹnu ìyàwó ilé jáde. Mo ti rí ilé tí irú ọ̀rọ̀ yìí dàrú, tí àwọn ọmọ tó ti gba ẹ̀sìn mìíràn gbé fíìmù lọ bá àwọn àgbà bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sílé ẹjọ́, tí wọ́n ń sọ pé odò yín rèé. Mo mọ̀ pé èrò yín kò rí bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, wọn yóò sì fura.

Ọ̀ṣun kọ́ ló yí padà. Ènìyàn ló ń ṣe Ọ̀ṣun níbi. Ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀nà láti fi tan àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn, ìyẹn ọkọ yín, lọ fúnra wọn, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n jókòó ti Màmá, kí wọ́n sì fi apá ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìkan hàn wọ́n, kí wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kí wọ́n má fi ti ọmọ tí gìrì mú hàn wọ́n rárá, nítorí pé Màmá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n ti fi omi náà wẹ̀, kò sì sí ohun tó lè tù wọ́n nínú lẹ́yìn náà.

Nígbà tí mo fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han ìyá mi àgbà, wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tu omi pupa jáde láti inú kòtò, wọ́n sún fóònù mọ́ ojú, wọ́n wá béèrè odò tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo dárúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pọn omi bí wọ́n bá tẹ̀lé àwọn òbí wọn lọ sóko. Láti ìgbà náà, àwọn gan-an ló ń sọ ọ́ fún aboyún tó bá wá sílé, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn, nítorí pé wọn kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó kórìíra Ọ̀ṣun. Ní ilé wa báyìí, omi kànga ni à ń gbé lọ síwájú ojúbọ, ibẹ̀ ni a ti ń wúre sí i, òun sì ni aboyún àti ọmọ ń mu. N kò sọ pé bí gbogbo ilé ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é nìyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Màmá wà lára àwọn tí yóò pinnu, kó má jẹ́ pé ìpinnu ni ẹ gbé wá bá wọn.

Agbẹjọ́rò Ògo-Olúwa:

Lórí ohun tí ẹ lè fi ìbínú ṣe: kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìjọba àpapọ̀ ni òfin ilẹ̀ wa fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ rẹ̀, lábẹ́ òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 ni wọ́n sì ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti wa wúrà. Bí ẹ bá lọ pariwo ní Àbẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ ẹnì kan, wọn yóò sọ fún yín pé àwọn kọ́ ló fún un, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ṣùgbọ́n ìlera ará ìpínlẹ̀ àti omi tí wọ́n ń mu, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọn kò lè sọ pé kò kàn wọ́n. Lẹ́tà Abuja ní ohun tirẹ̀ láti béèrè, ti Àbẹ́rẹ́ náà ní tirẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun sì ti wà lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO forúkọ wọn sílẹ̀ láti ọdún 2005, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ìjọba ń ṣe nípa Ọ̀ṣun, nítorí pé ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n máa fi dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò omi tí wọ́n ti ṣe, ọjọ́ tí wọ́n bu omi, ibi tí wọ́n ti bù ú àti iye òjé àti mẹ́kúrì tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ Abuja pé àwọn wo ló ní ìwé àṣẹ lẹ́bàá àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun.

Ìyá Alẹ́kúwodò:

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá mi. Baálé mi ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù láti pa fídíò náà rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, nítorí náà wọ́n kọ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé ìpínlẹ̀ Zamfara ni, pé ọdún 2010 ni, wọ́n sì bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ṣètò láti lọ bá Màmá lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ mi ti jẹ panla díẹ̀, ó sì ti mú bébà kiri àdúgbò bí olùkọ́ ṣe wí. Nǹkan tuntun tó wá yọjú ni pé àwọn onílé àdúgbò wa fẹ́ fi fíìmù náà hàn ní ìpàdé wọn tó ń bọ̀. Báwo ni a ṣe máa ṣe é kí ó má parí sí ariwo? Àwọn kan sì ti ń sọ pé àwọn yóò mú omi kànga wọn wá sínú ike kí nọ́ọ̀sì bá àwọn wò ó.

Olùkọ́ Ayétòrò:

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà, mà. Ẹ dá a dúró níbi tí ti Zamfara parí sí, kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ohun tó fà á, kí àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ pé àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò bá lè wò ó lè jáde láìsí pé ojú ń tì í. Àwọn tí ọmọ ti kú lọ́wọ́ wọn máa ń wà láàárín wa, a kì í sì í mọ̀. Kí lẹ́tà tí agbẹjọ́rò sọ ti wà nílẹ̀ lórí tábìlì, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì Ìlera Àwùjọ:

N ó wá, mà, bí ẹ bá sọ ọjọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé omi wá fún mi nínú ike, nítorí pé ojú lásán kò lè rí òjé, ike tí a ti fi rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí epo sì lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Ilé àyẹ̀wò tó máa ṣe é ló máa ń fúnni ní ìgò tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀, wọ́n á sì sọ bí a ṣe máa bu omi náà àti bó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó àyẹ̀wò náà kì í ṣe kékeré fún ẹnì kan, nítorí náà kí àwọn onílé kó owó jọ, kí wọ́n yan kànga tí àwọn aboyún àti ọmọdé ń lò jù ládùúgbò, kí wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Bébà tí ọmọ yín mú kiri yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ dè mí. Òun ni a máa fi mọ kànga tó yẹ kí a mú.